A kọrin bá olóṣèlú wí: ṣé òfin lè mú wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin la wà nínú ẹgbẹ́ olórin wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Gìtá, gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ la fi ń kọrin. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn wa, owó ara wa la fi gba orin sílẹ̀. Àwo orin wa ti parí: orin wà níbẹ̀ lórí ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, lórí owó ìfẹ̀yìntì àwọn òbí wa, àti lórí “dìbò kóo sebẹ̀”. Nínú ọ̀kan, a dárúkọ olóṣèlú kan, a ní ó kó owó ilé-ìwé jẹ. Nínú òmíràn, a lo ohùn rẹ̀ tí a gé látinú ètò rédíò. A tún fi alámọ̀ tí ìyá àgbà mi máa ń kọ sí ọ̀kan. Ṣé wọ́n lè mú wa? Ṣé rédíò á lò ó?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ gbé e jáde. Àmọ́ orin kan wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ tún kọ ná.

Abala 39 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò yín. Pé ìjọba já yín kulẹ̀, pé ọ̀nà Àkúrẹ́ ti sú yín, pé ẹni tó gba owó lọ́wọ́ olóṣèlú lọ́jọ́ ìdìbò ti ta ọdún mẹ́rin rẹ̀, èrò ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlú sì ni. Ẹ kọ ọ́ kó dún.

“Ó kó owó ilé-ìwé jẹ” kì í ṣe èrò. Ẹ̀sùn ni. Bí ọkùnrin náà bá pè yín lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, òun kọ́ ló máa fi hàn pé irọ́ lẹ pa, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé òótọ́ lẹ sọ. “Wọ́n ní” kò sì lè gbà yín, torí ẹni tó bá tún ẹ̀sùn sọ, òfin kà á sí ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn. Ọ̀pọ̀ olórin tún gbà pé àwọn ti bọ́ báwọn bá ti yọ orúkọ kúrò. Rárá o. Bí ẹ bá mẹ́nu ba àdúgbò rẹ̀, ipò tó dì mú àti ìnagijẹ rẹ̀, tí olùgbọ́ sì mọ ẹni náà, bí ẹni dárúkọ ni. Èyí tó tún burú ni kí ẹ sọ òkò sọ́jà kó lọ ba ẹlòmíì tí àpèjúwe yín bá mu.

Ẹ bi ara yín léèrè: kí ló wà lọ́wọ́ wa? Bí ó bá jẹ́ ìdájọ́ kóòtù, tàbí ìwé àyẹ̀wò owó tí ìjọba fọwọ́ sí, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, ẹ má fi gbólóhùn kan lé e. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ kọ ohun tí ojú yín rí: òrùlé tó ti ṣí, àwọn ọmọ tó jókòó sórí ilẹ̀, pátákó iṣẹ́ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí iṣẹ́ kò sì bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, orin yẹn á wọ ènìyàn lára ju orúkọ olè lọ.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ní Èkìtì níbí, ọlọ́pàá ti sọ ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ di ẹjọ́ ọ̀daràn rí. Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, Èkó ni ọlọ́pàá ti lọ mú agbẹjọ́rò kan wá sí Adó nítorí ìwé tó kọ, ó sì sùn lẹ́wọ̀n kí wọ́n tó gba onídùúró rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọba dá sí i ni wọ́n tó jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà lóṣù Kìn-ín-ní 2025. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 náà wà. Àtúnṣe ọdún 2024 dín abala 24 rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ láti dá ìlú rú ṣì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura.

Ní ti rédíò, ẹ má fọkàn sí i púpọ̀. Lóṣù Kẹrin 2025, àjọ NBC tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kọ̀wé sáwọn ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣe lo orin Eedris Abdulkareem kan tó bá ọmọ ààrẹ wí. Ẹ̀rù irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń ba àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, ti ìjọba kò sì ní í bú ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ NBC kò dé orí fóònù àwọn ènìyàn, kò sì dé orí pèpéle tí ẹ ti ń kọrin. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú. Ọmọ Adó-Èkìtì, Adékúnlé Fájuyì, ló wà lórí àlééfà ìpínlẹ̀ náà nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin ọ̀hún lóṣù Kejì 1966. Inú mi máa ń dùn sí ìyẹn gan-an.

Ohùn tí ẹ gé ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ rédíò ló ni ètò náà. Òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ti 2022 fàyè gba kí a lo díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn láti fi bá a wí tàbí láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí náà, ẹ jẹ́ kó kúrú, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti mú un. Ẹ má ṣe gé e débi tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi máa yí padà, torí ìyẹn á dá yín padà sínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́.

Alámọ̀ ìyá àgbà kò le. Òfin kan náà dáàbò bo orin ìbílẹ̀, ó sì ní kí a dárúkọ àwọn tó ni ín. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn àwo pé alámọ̀ Èkìtì ni, kí ẹ sì dárúkọ ìlú tí ìyá ti kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn ìyá fúnra rẹ̀ lẹ gbà sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ sì kọ iye tó máa kàn wọ́n níbẹ̀ kí owó kankan tó wọlé.