Owó Bàbá ni, ṣùgbọ́n Ìyá ni yóò dúró sínú káráfáànì

Ìyá kan tí ń ta iyán ní Ìkéré-Èkìtì kọ̀wé sí mi pé ọkọ àwọn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, fẹ́ fi lára owó ìfẹ̀yìntì wọn ṣe káráfáànì fún àwọn, ìyẹn ilé kékeré orí táyà tí mọ́tò ń fà, kí àwọn lè máa ta iyán káàkiri òde ìnáwó. Àwọn tí yóò ṣe é fún wọn ní ìwé tí wọ́n to gbogbo ohun tí oníbàárà lè fi kún un sí, Bàbá sì ti fàmì sí ẹ̀rọ amúlétutù, tẹlifíṣọ̀n, ilẹ̀kùn gíláàsì àti iná aláwọ̀ mèremère. Ìyá ní àwọn kò rí ibi tí odó yóò wà nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé owó kì í ṣe ti àwọn, àwọn dákẹ́. Wọ́n béèrè bóyá kí àwọn ṣì máa dákẹ́ lọ.

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ má dákẹ́ mọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń ṣe Bàbá, nítorí ọkùnrin tí ó fẹ́ ra amúlétutù fún ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ kí ó máa làágùn. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé ìwé àwọn oníṣẹ́ ni wọ́n ń wò, wọn kò tíì wo iṣẹ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí a gbé amúlétutù yẹn yẹ̀ wò. Èyí tí ó kéré pàápàá lè jẹ iná tó 750 wáàtì sí 1,000. Bátìrì fóltì 12 tí wọ́n kọ 100 Ah sí lára, ìyẹn ìwọ̀n iná tí ó lè gbà sínú, bí ó bá kún dẹ́múdẹ́mú, kò lè gbé 1,000 wáàtì ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, bí ó bá sì jẹ́ irú èyí tí à ń bu omi sí, ìdajì agbára rẹ̀ ni ó yẹ kí a máa lò kí ó má baà tètè kú. Kí ẹ tó yọ iyán kejì nínú odó, iná ti tán, jẹnẹrétọ̀ yóò sì máa han mọ́ àwọn àlejò létí. Bẹ́ẹ̀ fèrèsé tí ẹ ń gba ibẹ̀ gbé àwo jáde kò ní tì, òtútù tí a fi owó rà yóò sì máa gba ibẹ̀ lọ. Fèrèsé ńlá ní ìhà méjèèjì àti fáànù tí ń fa ooru jáde lókè ààrò ni yóò ṣe yín lóore.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ni mo fẹ́ kí Bàbá gbọ́ jù. Ẹ ní kí àwọn oníṣẹ́ sọ ìwọ̀n káráfáànì náà lófìfo, kí wọ́n sì sọ èyí tí kò gbọdọ̀ kọjá bí ẹrù bá kún inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni iṣu, ìkòkò, gáàsì àti omi yóò pín láàárín ara wọn, àlékún kọ̀ọ̀kan tí Bàbá bá sì fàmì sí, inú rẹ̀ ni yóò ti bù ú. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà táǹkì 200 lítà jẹ́ 200 kílò kí a tó ka táǹkì fúnra rẹ̀. Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́yìn dípò kí ó sún mọ́ òkè táyà, ìrù káráfáànì yóò máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ sì mọ bí òkè Èfọ̀n-Aláayè ti rí. Bíréèkì tí ó jẹ́ ti káráfáànì fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fàmì sí.

Bíréèkì, férémù tó lágbára, páìpù omi, wáyà inú ògiri àti ihò afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ fún gáàsì, tí ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ tí ó sì máa ń rọ̀ sílẹ̀ bí ó bá jò, ìnira ńlá ni láti fi wọ́n sí lẹ́yìn tí ògiri bá ti dí. Tẹlifíṣọ̀n lè dúró di ọdún tí ń bọ̀. Odó ní tirẹ̀, a kò gbọdọ̀ gún iyán nínú káráfáànì, torí ilẹ̀ pákó kò ní gba ọmọ odó mọ́ra. Ẹ bèèrè àtíbàbà tí a lè fà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ máa gún iyán lábẹ́ rẹ̀, kí odó sì ní ibi tí a ó dè é mọ́ bí a bá ń rìn.

Báwo ni ẹ ó ṣe sọ ọ́? Ẹ má pe àwọn ọmọ, ẹ má sì pe pásítọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí Bàbá bá ti jẹun tán, ẹ bu eérú, kí ẹ fi ya ilà sílẹ̀ lójúde bí gígùn àti ìbú inú ìwé ti wí. Ẹ gbé ààrò àti bàsíà síbi tí ìwé fi wọ́n sí, kí ẹ sì bẹ Bàbá kí wọ́n wá dúró tì yín nínú ilà náà, kí wọ́n gba àwo iyán mẹ́wàá lọ́wọ́ yín. Ọkọ tèmi àti káfíńtà ló jọ ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná mi láìbi mí léèrè, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gun àpótí kí ọwọ́ mi tó tó iyọ̀.

Ẹ ṣe é kí wọ́n tó san owó àsansílẹ̀. Bí Bàbá bá sì ti fa igi lé amúlétutù àti tẹlifíṣọ̀n, iná aláwọ̀ mèremère kò wúwo, kò sì jẹ iná púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀.