Ọmọ mi mọ táìmù tébù, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tó yẹ kó lò ó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ọmọbìnrin mi wà ní praimárì 5 ní Mọ́níyà níbí. Ó mọ táìmù tébù bí ẹni mu omi. Ṣùgbọ́n tí ìṣirò bá ti ní ọ̀rọ̀ nínú, á ní, "Mọ́mì, ṣé ká rò ó pọ̀ ni àbí ká pín in?" Wọ́n ní èrò 30 dúró ní Ìwó Road, Micra kan ń gba èrò 4, Micra mélòó ló máa kó gbogbo wọn? Ó kọ "7, ó ṣẹ́ ku 2." Ṣé kí n fi kún lẹ́sìn rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jẹ́ kówó yín ṣì wà lápò ná. Ọmọ yín pín 30 sí 4 bó ṣe yẹ. Kò kàn bi ara rẹ̀ bóyá èrò méjì yẹn máa fẹsẹ̀ rìn dé Ọjọ́ọ̀ ni.

Ẹ má sọ fún un pé 8 ni. Ẹ ní kó ya àwọn ọkọ̀ náà, kó kó èrò sí wọn. Tó bá ti rí i, ẹ yí ìbéèrè padà: ọsàn 30, à ń dì í ní mẹ́rin-mẹ́rin sínú ọ̀rá, ọ̀rá mélòó ló máa kún? Báyìí, 7 ni. Nọ́ńbà kan náà, ìdáhùn yàtọ̀. Kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín. Àlàyé yẹn gan-an ni ìṣirò.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọpọ́n ayò sílẹ̀: ojúlé 12, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Kó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kó tò ó ní méjì-méjì kí ẹyọ kan ṣẹ́ kù. Kó bu òmíràn tóun náà ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Tá a bá pa méjèèjì pọ̀, ṣé nǹkan á ṣẹ́ kù? Á dán 3 àti 5 wò, á dán 7 àti 9 wò, á ní rárá. Ẹ bi í pé, "Ṣé gbogbo ìgbà ni? Kí ló mú un dá ẹ lójú?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ibẹ̀ ló máa ń nira fún òbí (àti fún àwa tíṣà). Ọjọ́ tó bá sọ pé ẹyọ tọ̀tún àti ẹyọ tòsì ló so pọ̀ di méjì, ó ti mú gbogbo nọ́ńbà irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ọ̀tayò kan bá ní òun jẹ 27, tí ìkejì ní òun jẹ 20, á mọ̀ pé ọmọ ayò ti sọnù kó tó rò ó pọ̀: ẹyọ tó ṣẹ́ kù lára 27 kò rí èkejì lára 20, bẹ́ẹ̀ 48 kì í ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Àpẹẹrẹ lásán máa ń tanni jẹ. Ẹ fi nọ́ńbà kan lọ́nà ara rẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà náà kún un, ẹ tún fi 41 kún un. 1 á fún yín ní 43, 2 á fún yín ní 47, 3 á fún yín ní 53: kò sí èyí tó ṣeé pín dọ́gba àfi sí 1 àti sí iye ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló máa rí títí dé 39. Ní 40, ó di 1681, tí í ṣe 41 lọ́nà 41.

Ní ti lẹ́sìn, tó bá jẹ́ pé ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń há sórí níbẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo pẹ̀lú yín lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ sàn jù ú lọ.