Bi Kápẹ́ńtà Léèrè: Igi Tí Mo Fẹ́ràn, Igi Tí Mò Ń Sá Fún

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni, mo fẹ́ kó pákó sí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Nínú gbogbo igi tí ẹ ti fi ayùn kàn, èwo lẹ fẹ́ràn jù? Èwo lẹ ò fẹ́ fojú rí?
Ọmọṣẹ́ tuntun, Mọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú oríire. Iṣẹ́ á gbè ọ́ o.

Mo mọ̀ pé ìrókò lo ti ń retí. Èmi àti ìrókò ò jà. Ìkán kì í sábà rí inú rẹ̀ jẹ, bó bá sì ti ń rí ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣú lọ, á wá dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ní ìsọ̀ mi ní Òkèṣà níbí, ẹ̀rọ ayùn ń la pákó ìrókò lọ wẹ́rẹ́, àfi gbàgà! Iná ta. Mo rò pé ìṣó ni. Nígbà tí mo la igi náà tán, òkúta funfun kan ni mo bá nínú rẹ̀, ó tó àtàǹpàkò mi. Eyín ayùn mẹ́ta ti lọ. Ọmọṣẹ́ mi ti ń pariwo olúwéré. Mo ní kó dákẹ́: igi náà ló ń dì í sínú ara rẹ̀, irú èròjà tó wà nínú ìkarahun ìgbín ni.

Ọmọ̀ ni tèmi. Àwọn tó ń gbẹ́ ìlù ní èyí tó bá hù létí ọ̀nà ló ń sọ̀rọ̀ jù, torí ó ti ń gbọ́ ohùn èèyàn láti kékeré. Èmi kì í ṣe onílù, ṣùgbọ́n bí pléènì bá mú, bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń rí lórí ọmọ̀. Ó fúyẹ́, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ súnkì. Dúrọ́ọ̀ tí mo fi ṣe fún ìyàwó mi lọ́dún 1994 ṣì ń wọlé, ó ń jáde, a ò fi àbẹ́là pa á rí.

Èyí tí mò ń sá fún ni mansonia. Ó lẹ́wà o, àwọn oníbàárà a máa wá a kiri. Ìyẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀tá mi. Wọ́díróòbù àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe, ọjọ́ méjì ni mo fi ń sín. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe tẹrí ba láti fi sáńpépà pa ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kán tó látimú mi sórí igi. Gbogbo apá mi ń yún. Ẹni tó ni ín ò tún san owó pé. Ó kù díẹ̀ kí n ṣe òṣómàáló sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí àwọn baba wa. Bí wọ́n bá gbé e wá bá ọ, má kọ owó: lo ìbòmú, wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, kí o sì ṣe é níta.

Arère ńkọ́? Ó rọ̀, kò wọ́n, ó dára fún inú àga tẹ́nì kan ò ní rí. Má jẹ́ kó kan ilẹ̀. Bí o bá sì rí ìyẹ̀ funfun kúnná bí ìyẹ̀fun lábẹ́ pákó ní sọ́míìlì, fi í sílẹ̀ fún wọn, kòkòrò ti gba ilé níbẹ̀.

Bí owó ò bá tíì pọ̀, ọmọ̀ díẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kó. Tò ó sábẹ́ òrùlé, kí o fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Bí o bá gba Iléṣà kọjá, yà, kí o wá fọwọ́ ara rẹ fa dúrọ́ọ̀ yẹn wò. Ìyá àwọn ọmọ ò ní bínú.