Èsì: Ṣé àwòrán sátẹ́láìtì nìkan tó láti fi ṣọ́ pápá ìjẹko?
Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá àwòrán sátẹ́láìtì nìkan lè fi hàn pé pápá ìjẹko ń bàjẹ́. Kò tó rárá. Ó wúlò lóòótọ́: láti ọdún 1972 ni Landsat, ìyẹn ọ̀wọ́ sátẹ́láìtì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé. Ṣùgbọ́n igi ẹlẹ́gùn-ún tí màlúù kì í fẹnu kàn náà máa ń tutù yọ̀yọ̀ téèyàn bá wò ó látòkè.

Ẹ wọ inú pápá fúnra yín. Ẹ ri òpó mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa ya fọ́tò ní àsìkò kan náà lọ́dọọdún. Ẹ ta okùn gbọọrọ, kí ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan: koríko ni, ewé gbígbẹ ni, àbí ilẹ̀ lásán? Ilẹ̀ lásán yìí ló ká mi lára jù. Bí ìdí koríko bá ti ga ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ, tí gbòǹgbò yọ síta, àgbàrá ti ń wọ́ erùpẹ̀ lọ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ iye òjò tó rọ̀ sílẹ̀ nínú ìròyìn yín. Láìsí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ọ̀dá ló gbẹ pápá náà tàbí ẹran ló jẹ ẹ́ jù.