Ìjàpá tí kì í di síló mú, tí kò sì lè fà mọ́: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Volkswagen ìjàpá 1300 tí bàbá wa rà ní 1977 ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Bí mo bá ti tan án, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á máa míìsì, bí mo bá sì dúró ní oríta, ó lè kú. Bí mo bá gbé e jáde láti Òde Rẹ́mọ, kí n tó dé Ìjẹ̀bú-Òde gbogbo ọkọ̀ ti kọjá lára mi. Bí òkè díẹ̀ bá yọjú, à fi kí n já jíà. Mẹkáníìkì ti tú kabúrétọ̀, èyí tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n ra tuntun, mo rà á, kò yí nǹkan kan padà. Mo fẹ́ gbé e lọ sí Ojúde Ọba. Kí ló ń ṣe é gan-an? (Tíṣà kan, Òde Rẹ́mọ)

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Owó kabúrétọ̀ tuntun yẹn dùn mí fún yín, torí pé ohun tí ẹ kọ fúnra yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kabúrétọ̀ láre.

Nínú kabúrétọ̀, ọ̀nà tí epo ń gbà nígbà tí ọkọ̀ dúró yàtọ̀ sí èyí tó ń gbà nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Bí ìdọ̀tí bá dí jẹ́ẹ̀tì síló (ihò kékeré tí epo ń gbà nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́), ọkọ̀ á máa kú ní oríta, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tẹ tọ́tù, á fà dáadáa. Bó bá jẹ́ jẹ́ẹ̀tì ńlá ló dí, á dúró jẹ́ẹ́ ní oríta, á wá rọ lójú òkè. Tiyín ń ṣe méjèèjì. Àìsàn tó bá ń mú ọkọ̀ lójú kan, tó tún ń mú un lórí ìrìn, ohun tí ìdúró àti ìrìn jọ ń lò ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: fáàfù (ìlẹ̀kùn tí epo àti atẹ́gùn ń gbà wọ sílíńdà, tí èéfín sì ń gbà jáde), iná pílọ́ọ̀gì, àti táímìn (àkókò tí iná náà ń ta). Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kabúrétọ̀ mọ́ títí tí ẹ ó fi rí ìdí àwọn mẹ́ta yìí.

Ẹ kọ́kọ́ wá sílíńdà tí kò ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà 1 àti 2 wà lápá ọ̀tún ọkọ̀, 3 àti 4 lápá òsì. 1 àti 3 ló súnmọ́ iwájú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ní síló, kí mẹkáníìkì fi píláyà onírọ́bà yọ wáyà pílọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì dá a padà kíá. Kó kọ́kọ́ rí i dájú pé epo ò jò níbì kankan. Èyí tó bá yọ tí ẹ́ńjìnnì sì fẹ́ kú, ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá yọ tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà rárá, ọwọ́ yín ti bà á. Nọ́ńbà 3 ni èmi máa ń fura sí jù. Nínú ọ̀pọ̀ ìjàpá àtijọ́, kúlà ọ́ìlì ló dúró sójú ọ̀nà atẹ́gùn tó yẹ kó fẹ́ sí i, nítorí náà òun ló máa ń gbóná jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó kan fáàfù. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, kó sùn mọ́jú ló dára jù. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo tó wà láàrin fáàfù àti ohun tó ń tì í ṣí, jẹ́ mílímítà 0.15, ti ìwọlé àti ti èéfín bákan náà, fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a mọ bó ṣe nípọn tó) ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń yọ̀ pé ẹ́ńjìnnì àwọn dákẹ́, tápẹ́ẹ̀tì ò pariwo. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, àlàfo fáàfù èéfín máa ń dínkù, kò sì ní pariwo kankan fi sọ fún yín. Bí àlàfo bá tán, fáàfù kò ní lè pa dé mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tó bá jókòó dáadáa sórí ìjókòó rẹ̀ ló ń rí ibi tú èyí tó pọ̀ jù nínú ooru ara rẹ̀ sí. Iná á máa gba etí rẹ̀ jáde títí etí náà á fi jó. Ẹ́ńjìnnì tó ń ta kọ́kọ́kọ́ díẹ̀ ṣì lè gbé yín délé. Èyí tí fáàfù rẹ̀ ti jó kò ní lè gun òkè.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe, ẹ wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀nnì, ìyẹn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún atẹ́gùn pọ̀. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì, kí ẹnì kan tẹ tọ́tù dé ìsàlẹ̀ bí ẹ ti ń yí sítátà. Bí nọ́ńbà bá wà láàrin 100 sí 130 psi lórí géèjì, ara ẹ́ńjìnnì le. Bí mẹ́ta bá wà ní 110 tí ìkan wà ní 60, kabúrétọ̀ mẹ́wàá ò lè wo ìyẹn sàn.

Bí kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀nnì bá dọ́gba, iná ló kàn. Ẹ ṣí dísítíríbútọ̀, èyí tó ń pín iná fún àwọn pílọ́ọ̀gì. Àlàfo kọ́ńtáàtì jẹ́ mílímítà 0.4. Bí ojú kọ́ńtáàtì bá ti jó dúdú, tó sì ní ihò, ẹ fura sí kọ̀ńdẹ́ńsà tó ń dáàbò bo ojú kọ́ńtáàtì. Òun náà ló máa ń ṣiṣẹ́ ní tútù tí á sì kọ̀ bí ọkọ̀ bá gbóná. Ẹ wo wáyà pílọ́ọ̀gì: 1, 4, 3, 2 ni iná ń tò. Kọ́ńtáàtì ni kí ẹ tún ṣe ṣáájú, kí ẹ tó kan táímìn, nítorí bí àlàfo kọ́ńtáàtì bá yí padà, táímìn ti yí padà nìyẹn. Mo ti rí àwọn tó ń ṣe é láti ẹ̀yìn wá, tí wọ́n sì ń yà á lẹ́nu pé ọkọ̀ tó dára láàárọ̀ ti tún rọ nírọ̀lẹ́.

Àìlèfà lójú òkè tún lè wá láti inú dísítíríbútọ̀ yẹn kan náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, iná gbọ́dọ̀ máa yára dé ju ti síló lọ. Ẹ di rọ́tọ̀ tó ń yí nínú rẹ̀ mú, ẹ yí i díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ta padà fúnra rẹ̀. Ẹ yọ rọ́bà kékeré tó ti kabúrétọ̀ wá, ẹ fi ẹnu fa ìkángun tó lọ sínú dísítíríbútọ̀, kí ẹ fi ahọ́n dí i. Bí kò bá di ahọ́n mú, awọ inú rẹ̀ ti ya.

Atẹ́gùn tó ń jò wọlé kì í le láti mú. Ẹ bu omi sínú ìgò tí wọ́n fi ń fín aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀, ẹ fín in díẹ̀díẹ̀ sí ìdí kabúrétọ̀ àti oríkèé páìpù tó gbé atẹ́gùn wọ orí ẹ́ńjìnnì. Bí ohùn bá yí padà níbì kan, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi epo ṣe é lára ẹ́ńjìnnì tó gbóná.

Epo tó ti pẹ́ nínú táǹkì ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ọdún dé ọdún ni ọkọ̀ ń jáde, ẹ fa epo náà sínú ìgò funfun, kó dúró fún ìgbà díẹ̀. Omi á jókòó sísàlẹ̀.

Nípa Ojúde Ọba: ọjọ́ kẹta Iléyà, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ni ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára, bẹ́ẹ̀tì kan ló sì ń yí fáànù náà, nítorí náà ẹ mú bẹ́ẹ̀tì kan dání. Kabúrétọ̀ àtijọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Bí ọ̀pá tọ́tù rẹ̀ kò bá máa mì, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà báyìí. Bí ẹ bá ti wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀nnì, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ èyí tó jẹ́ ti sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.