Kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìdíje yín palẹ̀

Ọ̀gá mi, ẹ ní Mazda MX-5 1.8 yín ti sá ìdíje sáà méjì gbáko ní Ìlú Ọba, pé kò rú èéfín, agbára rẹ̀ kò sì dín. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ tú ẹ́ńjìnnì náà kí oṣù kẹta tó dé, àbí kó tún sá sáà kan sí i. Ẹ má tíì tú u. Ẹ wọ̀n ọ́n ná. Àwọn tó ń fi títú ẹ́ńjìnnì jẹun á ní "sáà méjì ti tó" láìtíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Iye sáà tí wọ́n ń kà yẹn, ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ ọ́n.

Ìdánwò kọ́ḿpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn wíwọn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó, kò ní wàhálà: ẹ́ńjìnnì gbígbóná, pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níta, tọ́rótù ní títẹ̀ dé ilẹ̀. Tí sílíńdà kan bá fi ju ìdá 10 nínú 100 lọ relẹ̀ sí èyí tó ga jù, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí tíì kan sí i, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá gòkè, ríìngì tó yí pístìn ká ni. Tí kò bá gòkè, fáàfù (ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, kí èéfín sì jáde) ni, tàbí gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà.

Ìdánwò jíjò, tó ń fi bí atẹ́gùn ṣe ń jò nínú sílíńdà hàn, ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ gbé pístìn dé òkè pátápátá nígbà tí gbogbo fáàfù rẹ̀ bá pa dé, ẹ fẹ́ atẹ́gùn 100 psi (psi ni ìwọ̀n ìtẹ̀ atẹ́gùn tàbí ọ́ìlì) sí i, kí ẹ wo iye tó ń jò. Ìdá 5 sí 8 nínú 100 dára. Ìdá 12, ẹ máa ṣọ́ ọ. Láti 15 ni kí ọkàn yín má balẹ̀ mọ́; tó bá kọjá 20, ẹ tú u. Ẹ ṣọ́ra o: tí pístìn bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò lókè, atẹ́gùn yẹn á yí kíránkì, ọ̀pá tí àwọn pístìn ń yí, tagbáratagbára, tí ọwọ́ yín bá sì wà lórí sípánà tó wà lórí bóòtì kíránkì, ó lè ṣẹ́.

Bí ẹ bá rí 30 ní sílíńdà kan ṣoṣo, tí àwọn yòókù wà ní 6, ẹ má sáré. Èédú kékeré tó há sábẹ́ fáàfù lè fà á. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ wà á díẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní gbígbóná, lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan á wọ̀n ọ́n ní tútù lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á kọ 30 sórí ìwé, wọ́n á bu owó lé yín lórí. Ó ti ná mi lówó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ẹ fetí sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde: tó bá jẹ́ ẹnu ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, ríìngì ni, tó bá jẹ́ sàlẹ́ńsà, fáàfù tó ń tú èéfín jáde ni. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó, gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà ni, tàbí kí tọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ti là.

Ṣùgbọ́n òkè ẹ́ńjìnnì nìkan ni gbogbo èyí ń sọ. Bẹ́rìn kọ́nrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so pístìn mọ́ kíránkì, lè ti jẹ tán kí jíjò ṣì wà ní 5. Ní kọ́nà gígùn, ọ́ìlì máa ń gbá sí ẹ̀gbẹ́ kan páànù ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, pọ́ńpù á fa atẹ́gùn, bẹ́rìn á gbẹ.

Nítorí náà, ẹ gé fílítà ọ́ìlì wò. Ẹ má fi ayùn irin gé e, torí ìyẹ̀fun ayùn á wọ inú rẹ̀, ẹ óò sì máa pariwo lórí irin tí ẹ fọwọ́ ara yín dà síbẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà tó ń gé e yípo bí ẹni ṣí agolo. Ẹ gé bébà inú rẹ̀ kúrò, ẹ fún un mọ́ inú fáìsì kí ọ́ìlì jáde, kí ẹ wá tẹ́ ẹ síta nínú oòrùn. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kọjá lórí rẹ̀. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni: kíránkì, káàmù tàbí ríìngì. Ohun tó ń dán tí kò lẹ̀, pístìn tàbí bẹ́rìn ni. Ibí yìí ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣi ni lọ́nà, wọ́n á ní kí ẹ máa wá àwọ̀ bàbà. Bẹ́rìn onípele mẹ́ta ni bàbà ti ń yọ, nígbà tí ìpele rírọ̀ òkè rẹ̀ bá jẹ tán. Ọ̀pọ̀ bẹ́rìn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Japan ń lò jẹ́ alumíníọ̀mù, kò sí ìpele bàbà nínú wọn. Ẹni tó bá ń dúró de bàbà, kọ́nrọ́ọ̀dù ló máa rí níta búlọ́ọ̀kù. Ẹyọ méjì mẹ́ta tó ń dán kò burú. Tí gbogbo bébà bá ń dán bí ìpẹ́ ẹja wẹ́wẹ́, ẹ tú u, iye yòówù kí jíjò jẹ́.

Ẹ má gbára lé géèjì ọ́ìlì tó bá ọkọ̀ náà wá o. Láti nǹkan bí 1995, swíìṣì lásán ló wà lẹ́yìn ti MX-5: á dúró sí àárín gbọn-in títí nǹkan á fi bàjẹ́. Ẹ fi géèjì gidi sí i. Ohun tí à ń fojú sùn ni 10 psi fún 1,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná.

Tí ẹ bá ti fa gíà 5 wálẹ̀ sí 2 ní àṣìṣe rí, tí ẹ́ńjìnnì sì yí kọjá agbára rẹ̀, ẹ má wo ìdánwò kankan. Ẹ pààrọ̀ sípíríǹgì fáàfù, kí ẹ sì wọn gígùn bóòtì kọ́nrọ́ọ̀dù. Èyí tó bá ti fi 0.025 mm gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ jù ú nù. Kí ẹ tó dé ìdí bóòtì yìí, ẹ gbọ́dọ̀ yọ páànù ọ́ìlì, ti MX-5 kì í sì í jáde nírọ̀rùn nínú ọkọ̀, irin tó gbé ẹ́ńjìnnì ló dí i. Ó sàn kí ẹ kúkú gbé ẹ́ńjìnnì jáde.

Àwọn ìdíje kan ń fi èdìdì dí ẹ́ńjìnnì. Tí tiyín bá ní, ẹ gba àṣẹ lórí ìwé kí ẹ tó já a, ẹ má gba "kò burú" ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́.

Oṣù kẹwàá ni kí ẹ ṣe gbogbo ìwọ̀n yìí. Tó bá di oṣù kejì, ìlà á ti gùn lọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ kíránkì, ẹ óò sì gbé ẹ́ńjìnnì tí ríìngì rẹ̀ kò tíì jókòó lọ sí ìdíje àkọ́kọ́. Tí nọ́ńbà yín bá dára, ọ́ìlì tuntun àti fílítà tuntun ti tó, kí ẹ sì tún gé fílítà náà lẹ́yìn ìdíje kejì.