Oníbàárà ní kí n dá owó òkìrìkà padà: ṣé dandan ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Adó-Èkìtì ni mo ń gbé, òkìrìkà ni mo ń tà lórí WhatsApp àti Instagram. Mo ta gáùn kan fún obìnrin kan ní Ìkọ̀lé ní ₦8,500, ó sì san ₦1,500 fún wébíìlì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gba ẹrù lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń pè pé àbàwọ́n wà ní abíyá rẹ̀, àti pé gáùn náà há òun láyà. Gbogbo ₦10,000 ló ń bèèrè. Ó ní bí n kò bá san án kí ilẹ̀ tó ṣú, òun á pè mí ní olè lórí Facebook, òun á sì mú ọlọ́pàá wá. Mo sì ti kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé mi pé "A kì í dá owó padà lẹ́yìn ìsanwó." Ṣé dandan ni kí n san án? Aṣọ àlòkù ṣáà ni.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀, ẹ má sì tíì bá a ṣe gbólóhùn asọ̀. Ẹ̀sùn méjì ló wà lẹ́nu obìnrin yẹn, wọn kò sì jọra. Àbàwọ́n lọ́tọ̀, híhá lọ́tọ̀. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ san èyí tí ẹ kò jẹ, tàbí kí ẹ kọ èyí tí ẹ jẹ ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sójú ìwé yín kúrò lọ́nà, nítorí kò lè gbà yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, tó jáde ní ọdún 2018, sọ ní abala 122 pé ẹni tí kò láǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí i lè kọ ọjà náà láàárín àkókò tó bójú mu, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀, bí ọjà náà kò bá bá àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi hàn án mu. Ẹni tó rà lórí fóònù nìyẹn gan-an. Kò dà bí ẹni tó wá sí Ọjà Ọba, tó bẹ̀rẹ̀ ṣà á fúnra rẹ̀, tó gbé e sójú oòrùn, tó fi gbá àyà wò kó tó ná an. Àjọ FCCPC, tó ń mú òfin yìí ṣẹ, sì ti sọ ọ́ léraléra pé àkọlé "a kì í dá owó padà" kò gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ oníbàárà. Ní ti pé àlòkù ni, òfin náà fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ kedere pé àlòkù ni, ẹ sì ti sọ ọ́. Ohun tí ìyẹn ṣe fún yín kò ju pé kò lè bínú pé aṣọ náà kò rí bíi tuntun. Àbàwọ́n tí ẹ kò fi hàn án kò sí lára ohun tó gbà láti rà.

Ó wá ku ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ohun tí ẹ fi hàn án ni ẹ fi ránṣẹ́ sí i?

Ẹ lọ ṣí àwòrán tí ẹ gbé sórí status lọ́jọ́ náà àti ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ya abíyá aṣọ náà, tí àbàwọ́n náà hàn, tàbí tí ẹ sọ ọ́ fún un tí ó dáhùn pé kò burú, ẹ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan lórí rẹ̀. Bí ẹ bá kọ "ó mọ́ tónítóní", tàbí tó jẹ́ iwájú aṣọ nìkan ni ẹ yà lórí háńgà, tí àbàwọ́n sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ ẹ́.

Bóyá ẹ ń rò ó pé láàárín Ìṣẹ́gun sí Àbámẹ́ta, ó lè ti wọ̀ ọ́ lọ sí òde. Ó ṣeé ṣe, ó sì ṣeé yẹ̀ wò. Àbàwọ́n abíyá tó ti pẹ́ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ibẹ̀ á le gírígírí bí ẹni fi sítáàṣì sí i, inú aṣọ ni yóò sì ti hàn jù, nítorí èròjà aluminium tó wà nínú roll-on àti òógùn ti dì mọ́ okùn aṣọ láti ọdún tó pẹ́. Ti ọ̀sẹ̀ yìí kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìlà funfun bíi páúdà ni, ojú aṣọ ló máa ń wà, aṣọ tútù á nù ún kúrò, òórùn lọ́fínńdà á sì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ní kí ó fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́: gáùn náà lódindi, abíyá láti ìta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, àti abíyá kan náà tí ó yí inú rẹ̀ síta. Àwòrán kẹta yẹn ni yóò sọ òótọ́ fún yín. Ẹ má sọ pé irọ́ ló ń pa kí ẹ tó rí i. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń dé ojú Facebook, orí "irọ́ lò ń pa" ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí owó.

Híhá ńkọ́? Ibi tí àwọn tó ń ta òkìrìkà lórí fóònù ti máa ń jẹ gbèsè láìmọ̀ nìyí. Bí ó bá jẹ́ "size 12" nìkan ni ẹ kọ, kò tíì sí ohun tí ẹ sọ. 12 àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, 8 ni lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. 12 ti Amẹ́ríkà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16 ti Gẹ̀ẹ́sì. Inú bélì kan ṣoṣo, ẹ lè rí méjèèjì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aṣọ tí wọ́n ti fi omi gbígbóná fọ̀ láìmọye ìgbà lè ti fún kúrò ní ohun tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Tépù nìkan ló ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ẹ ti síìpù rẹ̀, ẹ wọn láti abíyá dé abíyá, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 19, àyà 38 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí aṣọ náà kò bá ní rọ́bà tó ń fà, àyà 38 kò gba ẹni tí àyà tirẹ̀ jẹ́ 38. Ó gbọ́dọ̀ ku íǹṣì méjì fún èémí àti ìjókòó, nítorí náà ẹni tó jẹ́ 36 ló ni ín. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Aṣọ náà jẹ́ 38, ó dára fún àyà 36." Gbólóhùn kékeré yìí ń dá ìjà púpọ̀ dúró.

Nítorí náà, bí ẹ bá fún un ní ìwọ̀n tépù tó tọ́, tí ó rà á bẹ́ẹ̀, híhá kì í ṣe ẹ̀bi yín. Bí ó bá jẹ́ pé ó sọ fún yín pé 40 ni àyà òun, tí ẹ sì dáhùn pé "á wọ̀ yín dáadáa mà", ọ̀rọ̀ ti yí padà. Abala 122 kan náà gba ẹni tó sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ọlọ́jà, tí ọjà náà kò sì wúlò fún un. Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Ní ti owó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ dáadáa. Bí àbàwọ́n bá jẹ́ ẹ̀bi yín, mo rò pé ohun tó tọ́ ni pé kí ẹ ru owó ọkọ̀ lálọ àti lábọ̀: ₦8,500 ti gáùn, ₦1,500 tó san tẹ́lẹ̀, àti nǹkan bíi ₦1,500 láti dá ẹrù padà láti Ìkọ̀lé. ₦11,500 nìyẹn. ₦10,000 tí ó ń bèèrè kò tilẹ̀ tó o. Nínú èyí, ọkọ̀ ti jẹ yín ní ₦3,000, ẹ ó sì tún gáùn alábàwọ́n náà tà ní ₦5,000 bóyá, ₦3,500 mìíràn lọ nìyẹn. Àdánù ₦6,500 lórí aṣọ kan. Ẹ fi wé kí ẹ sọ fún un pé: "Bí ẹ bá fẹ́ mú un bẹ́ẹ̀, mo lè dá ₦2,500 padà fún yín." Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló máa ń gbà, pàápàá bí àbàwọ́n náà bá ṣeé fọ̀. Ẹ tilẹ̀ lè kọ́ ọ bí yóò ṣe fọ̀ ọ́: ife fínígà funfun kan sínú ife omi méjì, kí ó rẹ abíyá rẹ̀ sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kí ó má fi bílíìṣì kàn án, yóò tún pọ́n sí i ni. Ṣùgbọ́n òun ni yóò yàn. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, owó rẹ̀ ni kí ẹ dá padà.

Bí ó bá wá jẹ́ híhá nìkan, tí ìwọ̀n yín sì tọ́, ẹ lè sọ pé kí ó fi owó ara rẹ̀ dá a padà kí ó mú òmíràn tó tó iye kan náà. Oore ni ìyẹn, kì í ṣe gbèsè, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

Ẹrù ni kí ó kọ́kọ́ dé, kí owó tó lọ. Tí ẹrù bá dé gáréèjì, ẹ tan fídíò kí ẹ tó tú u, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn máa ń dá aṣọ mìíràn padà, tàbí èyí tó ti wọ̀ títí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n máa fi òwú aláwọ̀ kan ran ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta sí inú ẹ̀gbẹ́ aṣọ kí wọ́n tó dì í, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan, oníbàárà kò sì ní kíyè sí i.

Àkáǹtì tí owó ti wá nìkan ni kí owó padà sí. Bí ó bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun tàbí sí ilé iṣẹ́ kan, ẹ kọ̀ ọ́. Kí ẹ tó san, ẹ ṣí áàpù báńkì yín kí ẹ wò ó bóyá ₦10,000 yẹn wọlé lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Alert orí fóònù àti screenshot kì í ṣe owó, àwọn kan sì wà tó ń fi alert ayédèrú ra ọjà, tí wọ́n á tún padà wá gba "owó wọn". Ẹ kọ "ìdápadà owó gáùn" síbi tí áàpù ti ń bèèrè ohun tí owó náà wà fún nígbà tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́.

Ìhalẹ̀ rẹ̀ ló kù. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé kò mú àdéhùn ṣẹ lásán. Ọ̀rọ̀ gáùn tó há, tàbí tó ní àbàwọ́n, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni. Ohun tó lè sọ ọ́ di ti ọlọ́pàá ni kí ẹ gba owó kí ẹ má fi ẹrù ránṣẹ́, tàbí kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pè yín, ẹ lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ kọ síra yín. Nítorí náà, ẹ má pa ìkankan rẹ́, ẹ sì wò ó bóyá ẹ ti tan ètò tó ń mú kí ọ̀rọ̀ WhatsApp máa parẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá wà ní títàn, ẹ pa á. Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ dínà mọ́ nọ́ńbà rẹ̀. Oníbàárà tí wọ́n dínà mọ́ máa ń lọ sí báńkì lọ sọ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì, báńkì sì lè so owó inú àkáǹtì yín rọ̀ títí wọ́n á fi wádìí tán. ₦10,000 lè wá ti gbogbo owó ọjà yín mọ́lé.

Fún aṣọ tí ẹ máa tà lẹ́yìn èyí, ẹ máa gbé e dúró síwájú fèrèsé kí ẹ tó ya fọ́tò. Ihò kékeré tí iná ilé fi pa mọ́, oòrùn á tú u fó. Ojú kámẹ́rà máa ń sọ búlúù tó ṣú di dúdú, nítorí náà ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fa síìpù lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ na rọ́bà ìbàdí. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń ró pàrà pàrà, ó ti kú. Jákẹ́ẹ̀tì awọ ayédèrú ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, torí pé ọ̀rinrin máa ń jẹ ẹ́ láti inú wá: á dára lójú lónìí, lóṣù tó ń bọ̀ yóò máa bó bí ọ̀dà ògiri. Ẹ ká ọrùn rẹ̀ kí ẹ fi èékánná ha ojú ìká náà. Bí ó bá bó díẹ̀ báyìí, ẹ má tà á lórí fóònù rárá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa rà á wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Kí ẹ sì yọ àkọlé yẹn kúrò. Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀: "Àlòkù ni gbogbo aṣọ wa. Bí aṣọ kò bá bá fọ́tò àti ìwọ̀n tépù tí a kọ mu, ẹ jẹ́ ká gbọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ gbà á, láìtíì wọ̀ ọ́ jáde, láìtíì fọ̀ ọ́." Mo fi í sí ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé ẹni tó wà ní Ọmùò lè má tètè ráyè lọ gba ẹrù ní gáréèjì. Ìgbà tí ẹrù bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ni kí ẹ máa kà á.

Lónìí yìí, kí ilẹ̀ tó ṣú tí ó dá fún yín, ẹ kọ èyí sí i: "Ẹ káalẹ́ mà. Mo ti rí ohun tí ẹ sọ, n kò sì sá fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: gáùn lódindi, abíyá láti ìta, abíyá láti inú. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ tèmi, ẹ ó dá gáùn padà, n ó sì san owó yín pẹ̀lú owó ọkọ̀ láàárín wákàtí 24 tí ó bá dé ọwọ́ mi." Bí kò bá fi fọ́tò ránṣẹ́ títí di ọ̀sán Ajé, ẹ tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì dúró dè é.